Ẹja Olórí Méjì

Ọdún mẹ́rin ni Ògúnjọbí fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ náà fẹ́ fi bà á lórúkọ jẹ́.

Ẹ̀rọ agbẹ́gi ni, irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní sé-ẹ́n-sé. Èèyàn á ya àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ á sì gbẹ́ ẹ sára pákó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Irin ibùsùn àtijọ́ ni Ògúnjọbí fi ṣe ara rẹ̀, nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wà ní Adja-Ouèrè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Tatonnonkon. Ẹ́ńjìnnì kéékèèké mẹ́ta tó ń gbé ọ̀bẹ kiri, ara ẹ̀rọ fótókópì tó ti kú ló ti tú wọn. Pátákó iná tó ń pàṣẹ fún wọn, òun fúnra rẹ̀ ló jó òjé mọ́ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ igba ó lé mẹ́rìnlá. Ó kà wọ́n dáadáa, nítorí ẹnì kan ti sọ pé ẹni tí kò parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè mọ iye wọn.

Rogatien ni ẹni náà.

Òun àti Ògúnjọbí ti jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà rí. Nígbà náà, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, wọ́n á gbé sìnyáàlì kọ́ ọ lọ́rùn: karawun ìgbín tí wọ́n fi okùn so, tí onítọ̀hún á máa gbé kiri títí á fi ká ẹlòmíràn mọ́ ibi tó ti ń sọ Yorùbá. Lọ́jọ́ kan, àkeekèé ta Ògúnjọbí lẹ́sẹ̀. Ó ké pé, "Yéè, ìyá mi o!" Rogatien bọ́ sìnyáàlì kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ògúnjọbí gbé e délé, ó sọ ọ́ sínú kànga, kò sì padà sílé ẹ̀kọ́ mọ́. Ó di ọdún mọ́kànlélógójì báyìí. Láti ọjọ́ náà, kò bá Rogatien sọ̀rọ̀. Wọ́n ti jọ sin òkú, wọ́n ti jọ jẹun níbi ìgbéyàwó, òjò ti kó àwọn méjèèjì sẹ́yìn alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní sémíjàn kan ṣoṣo láti Kpoulou wá sílé. Kò bá a sọ̀rọ̀.

Rogatien ní tirẹ̀ kàwé dé Kútọnu, ó kọ́ṣẹ́ iná, ó padà, ó sì ra sé-ẹ́n-sé kan tó ti ṣe tán nínú páálí, ó gbé e kalẹ̀ sí Pobè. Ògúnjọbí kì í pe ìyẹn ní ẹ̀rọ. "Èyí tí wọ́n rà" ló ń pè é.

Nígbà tí iṣẹ́ ilẹ̀kùn dé, Ògúnjọbí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà lẹ́nu. Màdáàmù Cécile, agbẹ̀bí tó fẹ́ ṣí ilé ìgbẹ̀bí tuntun ní Kpoulou, gbé ilẹ̀kùn mẹ́rin wá. Ó ní àwọn aboyún tó ń ti oko wá kì í ka nọ́ńbà, nítorí náà àwòrán ni òun fẹ́ sára yàrá kọ̀ọ̀kan: ẹja, àgbàdo, ẹyẹ, agbọ̀n. Kí obìnrin lè ránṣẹ́ sílé pé, "Yàrá ẹja ni mo wà." Ọjọ́ Àìkú ni ìṣílé. Fadá ti gbọ́, àwọn ìyàwó ilé ti rán aṣọ.

"Ọ̀gá Ògúnjọbí," ó ní, "Pobè ni gbogbo èèyàn ní kí n gbé e lọ. Mo ní ọ̀dọ̀ yín ni. Bó bá bàjẹ́, àwa méjèèjì la jọ máa gbọ́ ọ."

Ògúnjọbí mọ ohun tó wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀kùn mẹ́rin yìí bá dára, kò sí ẹni tí yóò tún pe ẹ̀rọ òun ní ibùsùn tó ń gbọ̀n. Bí wọ́n bá lọ sí Pobè, ibùsùn tó ń gbọ̀n ni yóò máa jẹ́ lọ.

Ilẹ̀kùn kan ń gba wákàtí márùn-ún. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ó gbé ti ẹja sórí ẹ̀rọ. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Ètè gbogbo èèyàn ti funfun, ewúrẹ́ sì ń du ojú oòrùn mọ́ àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́. Ìrù jáde, ìpẹ́ jáde. Bí ó ti kù díẹ̀ kí ẹ̀rọ parí orí, ó kùn, ó gbọ̀n, ó fò sọ́wọ́ òsì ní ìwọ̀n ìka méjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ orí mìíràn. Ó gbẹ́ ẹ dáadáa. Kò sí àbùkù kankan lára orí kejì náà, àfi pé ó jẹ́ ìkejì.

Ògúnjọbí pa iná. Ó tú wáyà, ó tún òjé jó, ó fẹ́ eruku kúrò. Nígbà tó fi dán an wò lórí ègé pákó, ọ̀sán ti pọ́n, ẹ̀rọ sì ń rìn bí omi. Ó ní ó ti tán. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹyẹ mú ìyẹ́ mẹ́ta jáde. Ó pààrọ̀ pátákó iná látòkèdélẹ̀. Ní ọ̀sán, ẹ̀rọ ń rìn bí omi. Ó ní ó ti wá tán wàyí. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, àgbàdo là sí méjì, ó sì dà bí ẹsẹ̀ àgùntàn.

Ohun kan wà tí kò yẹ̀ wò, nítorí kò sí ìdí tó fi yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pá irin gígùn mẹ́ta ló ń yí kí ọ̀bẹ tó lè rìn, ilà sì yí ká wọn láti ìdí dé orí bí ilà ara bóòtù ńlá. Àdín ni Ògúnjọbí fi ń pa ọ̀pá wọ̀nyí. Àdín ni bàbá rẹ̀ alágbẹ̀dẹ fi pa irin, àdín ni bàbá bàbá rẹ̀ fi pa irin. Ní ilẹ̀ tí ọ̀pẹ pọ̀ ju èèyàn lọ, ta ni yóò lọ ra òróró inú ìgò? Ìyábùnmi, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń sè é fún un, òróró náà sì dára gan-an. Ìgbà ooru ló parí ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ náà kò tíì bá ọyẹ́ pàdé rí.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Cécile dé. Ó mú ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ó mú Rogatien náà wá.

Ó wo àwọn ilẹ̀kùn tó fi ara ti ògiri. Ó dúró níwájú ẹja.

"Ọ̀gá, aboyún ló máa wo èyí o. Obìnrin ń rọbí, ó gbójú sókè, ẹja olórí méjì ń wò ó. Kí ni kó rò pé òun fẹ́ bí?"

"Orí kejì yẹn kò bá àdéhùn mu," Ògúnjọbí ní. "Mo mọ̀."

Rogatien ti tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. "Màdáàmù, ẹ bá mi bi í, ṣé àárọ̀ nìkan ló máa ń ṣe báyìí?"

Ògúnjọbí kọjú sí ògiri. "Ẹ sọ fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ mi kò mọ àárọ̀, kò mọ ọ̀sán."

"Ó ní..."

"Mo gbọ́ ọ, Màdáàmù." Rogatien fi ìka ha ọ̀pá onílà, ó sì gbé ìka náà sókè. Nǹkan funfun lẹ̀ mọ́ ọn. "Ẹ sọ fún un pé àdín rẹ̀ ti dì, bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná. Ẹ̀rọ kò lójú. Ìgbésẹ̀ ló ń kà. Bó bá ka ọgọ́rùn-ún, tí àdín sì dá ogún dúró nínú rẹ̀, ibi tó bá bá ara rẹ̀ ló máa pè ní orí ẹja. Bí oòrùn bá mú, àdín á yọ́, gbogbo rẹ̀ á sì dára."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúnjọbí létí, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òótọ́ ni. Èyí ló bí i nínú jù.

"Ẹ sọ fún un pé láti ìgbà bàbá bàbá mi la ti ń fi àdín pa irin nílé wa."

"Ẹ sọ fún un pé ọkọ́ tí wọ́n ń rọ kì í ka ìgbésẹ̀."

Rogatien yọ ìgò òróró ẹ̀rọ kékeré kan nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ sọ fún un kó gbé ìgò rẹ̀ kúrò lórí tábìlì mi. Tábìlì náà ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé tẹlifóònù yín ni mí ni?" Cécile gbaná jẹ. "Ọ̀gá, ẹ gbọ́. Bí ẹja olórí kan kò bá jáde níbí lónìí, mò ń kó àwọn ilẹ̀kùn mi lọ sí Pobè. Dẹ́rẹ́bà kò tíì pa ọkọ̀."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà tí Ìyábùnmi fi wọlé, ó há ìgò àdín tuntun sí abíyá, ó sì fi gèlè wé e bí ọmọ tuntun.

"Ẹ kúulé o. Ògúnjọbí, tètè gbà á kó tó tutù. Láti ìjẹta ló ti ń dì mọ́ mi lọ́wọ́, iná ni mo fi ń yọ́ ọ kí n tó rí i tà."

Cécile wo òrùlé. Rogatien, tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé bó ti wù kó rí, wo bàtà ara rẹ̀.

"Ìyá mi," Ògúnjọbí ní, "ẹ ò sì sọ fún mi."

"O bi mí? Ọyẹ́ mú, àdín dì. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n tún máa wá sọ fún ọ pé omi ń tutù? Àti pé kí lo tilẹ̀ ń fi í ṣe níbí? Mo rò pé ara lò ń fi í pa ni."

Ògúnjọbí ronú sí i. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Cécile. "Màdáàmù, ìyá mi ní àdín ti dì. A óò fọ̀ ọ́ kúrò." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn tó ti dárúkọ àdín nínú ilé náà ní àárọ̀ yẹn.

Ó fi kẹrosíìnì àti àkísà fọ ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí irin fi ń dán. Ó wá ku òróró. Ìgò Rogatien wà lórí tábìlì. Ògúnjọbí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sọdá títì lọ sọ́dọ̀ Carine aránṣọ, ó tọrọ òróró tí wọ́n ń fi sí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó gbé e dé, ó sì gbé e kalẹ̀. Ìgò kan náà ni, ìdérí pupa kan náà, bébà ara rẹ̀ kan náà.

Ìyábùnmi wo ìkíní, ó wo ìkejì. "Ìbejì ni wọ́n?"

"Wọn kò jọra," Ògúnjọbí ní, ó sì ta òróró Carine sí ọ̀pá.

Ó yí ilẹ̀kùn ẹja dojú dé, kó lè gbẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀; pákó pẹlẹbẹ ni yóò fi bo olórí méjì náà. Ó tan ẹ̀rọ. Dẹ́rẹ́bà wọlé wá, ó bá wọn wò ó, ó jáde lọ sùn sínú ọkọ̀. Ìrù jáde, ìpẹ́ jáde. Nígbà tí ọ̀bẹ dé orí, gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Ìyábùnmi di ìgò àdín rẹ̀ mọ́ra. Rogatien, bí ẹni tí kò mọ ìgbà tó ṣe é, na ọwọ́ kó lè fi ìka gbọ́ bí ọ̀pá ṣe ń yí, etí ẹ̀wù rẹ̀ sì ń fì lókè ilà irin.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò níbẹ̀!"

Rogatien fà sẹ́yìn.

"O bá mi sọ̀rọ̀," Rogatien ní.

Ògúnjọbí kò gbé ojú kúrò lára pákó. "Màdáàmù, ẹ sọ fún un pé òun kọ́ ni mo bá wí. Ọwọ́ rẹ̀ ni."

"Ọwọ́ náà ti gbọ́," Rogatien ní.

Ọ̀bẹ yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja po, ó gbẹ́ ẹnu, ó gbẹ́ ojú kan, ó gbéra sókè, ó sì dúró. Orí kan ni. Cécile fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jí dẹ́rẹ́bà, ó ní kó máa lọ, kó padà wá ní Ọjọ́ Sátidé.

Ó ku ilẹ̀kùn mẹ́ta, ọ̀sán sì ti ń lọ. Ti ẹja gbọ́dọ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ kí ti àgbàdo tó lè gùn ún. Pákó ìrókò ni. Kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Ìyábùnmi ti darúgbó, Cécile sì wọ bàtà gíga. Ògúnjọbí di orí ilẹ̀kùn mú, ó dúró, kò wo ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Rogatien lọ di ìdí rẹ̀ mú. Wọ́n gbé e ti ògiri, wọ́n sì padà lọ gbé àgbàdo.

"Ẹ sọ fún un," Ògúnjọbí ní, bí wọ́n ti ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ, "kó tẹ̀ díẹ̀ sọ́wọ́ òsì."

Kò sí ẹni tó bá a sọ ọ́. Rogatien ti tẹ̀ sọ́wọ́ òsì.