Aṣọ Tí Eku Kò Jẹ

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní òrùlé, síbẹ̀ oòrùn kò wọ ibẹ̀. Òwú ń hù lára ògiri bíi koríko, omi sì mu ẹsẹ̀ Fọláṣayọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, kò tutù, kò gbóná. Nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìyá rẹ̀ jókòó sí, ìyá tí wọ́n ti sin kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ̀rọ ń yí, kò dún. Ìyá Télọ̀ ń ṣẹ́tí aṣọ, iṣẹ́ tó fi tọ́ ọmọ yìí dàgbà.

"Àwẹ̀ró, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màámi."

"Wá bá mi di etí aṣọ yìí mú. Ọwọ́ mi kò gbà mí láàyè."

Ìgbà tó tẹ̀ síwájú ló rí i. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti di ọrùn ọwọ́ ìyá rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ìyá sì ń fi ìka ti ìró sábẹ́ abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ankárá aláwọ̀ aró tó ní ẹyẹ funfun lára ni ìró náà. Òun fúnra rẹ̀ ló rà á fún ìyá. Ẹyẹ kan náà ló wà lára ohun tó dì í lọ́wọ́.

"Màámi, ta ló dì yín?"

"Aṣọ yìí kò pé mọ́. Wò ó dáadáa, ṣebí ọmọ télọ̀ ni ẹ́."

"Wọ́n ní eku ló jẹ ẹ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Eku wo ló mọ àlùmọ́gàjí lò?" Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọn kò ju èyí tí wọ́n gé kúrò nù o. Ọwọ́ Ìyá Ẹjìgbò ló wà báyìí."

Fọláṣayọ̀ jí. Oorun ọ̀sán ló sùn, oòrùn ṣì ń tàn lójú fèrèsé. Ó ṣí àpótí, ó yọ ìró tí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kó fún un pẹ̀lú ẹrù olóògbé. Wọ́n ní eku ló jẹ ẹ́ níbẹ̀, àmọ́ eku a máa jẹ aṣọ jákujàku. Etí ìró yìí gún régé, wọ́n gé e ni.

Inú bí i. Ó rántí ìpè Màdáámù tó ni ilé náà: "Ọwọ́ Màmá kì í dúró, gbogbo etí bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì ni wọ́n ń tú." Kò pẹ́ tó tún pè: "Ẹ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ wọn ti dúró." Fọláṣayọ̀ sì dúpẹ́, ó tún ṣàdúrà fún un pé yóò jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tó lọ kẹ́rù, Ìyá Ẹjìgbò tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé yàrá ni wọ́n fi kúbùsù bò dé àgbọ̀n nínú ooru. Ó kí i, kò na ọwọ́ jáde.

Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ó fẹ́ kí ojú ti Màdáámù láàárín ìgboro. Ó fẹ́ kí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ di ìyẹn náà lọ́wọ́, kí imú máa yún un, kó má lè họ ọ́. Kò pè é, kí Màdáámù má baà tú Ìyá Ẹjìgbò sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó débẹ̀. Gbóyèga, ọmọ Ìyá Ẹjìgbò, ló pè.

"Bọ̀ọ̀dá Gbóyèga, Màmá ńkọ́?"

"A dúpẹ́ o! Ṣé ẹ rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi ọwọ́ lásán bó ẹ̀gúsí ṣáá? Màdáámù pè mí lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn pé ọwọ́ wọn ti dúró. Mo ṣàdúrà fún un títí."

Fọláṣayọ̀ ti ká ìró náà sí abíyá.

"Àdúrà ti tó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ pàdé mi ní àgọ́ ọlọ́pàá."