Òkú Tó Wá Wo Ilé

Ìyá aránṣọ kò mọ̀ pé èèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ kúrò nílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bí ìbejì sí ìlú míì, apá rẹ̀ ò sì ká wọn, ni ìyá bá ní òun á ta ilé, òun á kó lọ bá a. Ajẹ́ńtì kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnudùn gbé ìwé àdéhùn wá: òun nìkan ni yóò máa bá a ta ilé náà títí ọdún yóò fi yípo. Ìyá fọwọ́ sí i.

"Ilé tí kò séèyàn nínú rẹ̀ máa ń rùn, mà," ni Ẹnudùn wí. "Èmi á máa sùn níbẹ̀. Ẹ̀yin ẹ kó lọ sí ṣọ́ọ̀bù yín. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kì í fẹ́ rí ìkòkò onílé."

Bí ìyá ṣe di ẹni tó ń sùn lórí àjákù aṣọ nìyẹn, tí abẹ́rẹ́ ń gún un nídìí, tí Ẹnudùn sì ń na ẹsẹ̀ ní fàráńdà. Àwọn tó wá wo ilé ń fajú ro lọ, wọn kì í padà wá.

Lọ́jọ́ kan, oníbúrẹ́dì àdúgbò yà sí ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n, ajẹ́ńtì yín ní ẹ ò ta ilé yín mọ́. Ṣé lóòótọ́ ni? Tó bá fi máa di Sátidé, ibòmíì ni mo máa rà o."

Ìyá sáré lọ bá lọ́yà. "Ṣé mo lè lé e?"

"Nítorí kí ni, mà?"

"Ojú rẹ̀ ń bí mi nínú."

"Òfin ò mọ ti ojú. Tẹ́ ẹ bá kàn lé e, ẹ̀yin lẹ da àdéhùn, ẹ sì máa san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ajẹ́ńtì síṣẹ́ ni ajẹ́ńtì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún. Tó bá ń lé oníbàárà nítorí àǹfààní ara rẹ̀, òun ló da á, ẹ sì lè fòpin sí i. Ẹ̀rí ni mo fẹ́."

Ọkọ ìyá, mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú omi dé lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni; Ẹnudùn kò rí i rí. "Èmi ni mo máa lọ wo ilé," ló wí. Lọ́yà tẹ̀ lé e bí àbúrò rẹ̀. Ìyá sá pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé yàrá.

Ẹnudùn jáde sí wọn, ó ń họ ikùn. "Ẹ jọ èèyàn dáadáa, sà, mi ò ní tàn yín. Òrùlé yìí ń jò."

"Mi ò rí àpá òjò."

"Òjò tibí kì í fàpá sílẹ̀." Ó mú wọn wọ yàrá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wàhálà ibẹ̀ gan-an ni baálé ilé. Orí bẹ́ẹ̀dì yẹn ló kú sí. Tó bá ti dòru, á máa wá bàtà rẹ̀ kiri."

Ọkọ ìyá wo bẹ́ẹ̀dì náà. "Kí ló pa á?"

"Ahun ni, sà. Kò fẹ́ ra oògùn."

Ìyá fi aṣọ dí ẹnu, nítorí irọ́ yẹn sún mọ́ òótọ́ díẹ̀.

"Ìwọ ò wá sá?" ni lọ́yà bi í.

"Èmi àti òkú náà ti mọwọ́ ara wa. Tí owó ilé bá já wálẹ̀ dáadáa, èmi náà ni mo máa rà á."

"Ṣé òkú náà ti gbà ni?" ni ọkọ ìyá wí. "Nítorí mi ò tíì gbà o."

Ìyá wọlé wẹ́rẹ́. "Olówó orí mi, ẹ kú àjíǹde."

Ẹnu Ẹnudùn kò dùn mọ́. Ó ní, "Àdéhùn wa sọ pé tí mo bá ṣàṣìṣe, ẹ gbọ́dọ̀ fún mi láyè kí n tún un ṣe!"

"Èyí tó ṣeé tún ṣe ni," ni lọ́yà dáhùn. "Àbí o fẹ́ jí òkú ni?"

"Ó kúkú ti jí! Ẹ wò ó!"

Lọ́yà pàápàá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fajú ro. "Àwọn tó o ti lé lọ ńkọ́? Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ lò ń tà, kì í ṣe ilé." Ó jókòó síbẹ̀, ó kọ lẹ́tà pé àdéhùn ti parí, ó kọ ìdí rẹ̀ sínú rẹ̀, ìyá fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e lé Ẹnudùn lọ́wọ́.

Ọjọ́ Sátidé kò tíì pé tí oníbúrẹ́dì fi ra ilé. Ó ní kí ìyá bá òun wọn fèrèsé fún kọ́tìnnì. Ìyá ń wọ̀n ọ́n lọ láti yàrá dé yàrá.

"Ti ibí yìí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

"Aṣọ tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò. Oòrùn àárọ̀ máa ń wọlé síbí gan-an." Ó tún tépù nà lójú fèrèsé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ díẹ̀ kó tó ká a.