Páálí Sẹ́ńtórà

"Ẹ gbọ́wọ́ lé e, ọ̀gá. Orí ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lé."

Mọ́nsúrátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, àwọn aládùúgbò tó wá bá a yọ̀ sì dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kékeré náà pa ní Abúlé Òkúta, débi pé afẹ́fẹ́ ò rí àyè wọlé. Aṣọ funfun ni wọ́n fi bo kọ̀ǹpútà tuntun náà bí ìyàwó. Kò sẹ́ni tó tíì tàn án. Ní Ṣómólú àti Bàrígà, ọmọṣẹ́ ìtẹ̀wé tó bá ti gba fírídọ̀ọ̀mù kì í dédé tan ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó fi owó ara rẹ̀ rà. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni yóò wá gbọ́wọ́ lé e, tí yóò ṣàdúrà, tí yóò sì fi ìka ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Àwọn kan máa ń sọ pé ìgbàgbọ́ òmùgọ̀ ni. Àwọn yẹn náà ló máa ń kọ́kọ́ ránṣẹ́ pe ọ̀gá wọn.

Ọ̀gá Ṣàkírù fẹ́ràn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Ó ti wọ bùbá àti ṣòkòtò tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ fún un láàárọ̀, ó sì ti ń tún ohùn ṣe. Nínú gbogbo àwọn ọmọ tó kọ́ níṣẹ́, Mọ́nsúrátù ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù. Lọ́jọ́ tó gba fírídọ̀ọ̀mù, Ọ̀gá Ṣàkírù gba máíìkì, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo atẹ̀wé àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn: "Ohun tí o ò bá lè fi orúkọ ẹ sí, má tẹ̀ ẹ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí.

Ó wá gbé ọwọ́ sókè láti ṣàdúrà, ó lanu. Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà lẹ́yìn tábìlì, tó sì sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Páálí kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, páálí búlúù dúdú tó ní ìlà fàdákà.

"Ẹ ti rí i?" Mọ́nsúrátù dìde, ó ṣí gíláàsì náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé páálí náà lé e lọ́wọ́. "Páálí pírósẹ́sọ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn ni, ọ̀gá. Sẹ́ńtórà. Mo pàtẹ ẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn kọ́sítọ́mà lè máa rí i. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́."

"Kí ni wọ́n ń pè ní pírósẹ́sọ̀?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni, màámi. Òun ló ń bá a ronú. Ìdílé ni Sẹ́ńtórà, wọ́n pọ̀, àmọ́ èyí tó ní ìlà fàdákà yìí ni àgbà wọn. Ó lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní àká ńlá nínú ara ẹ̀, kò ní máa sáré jáde lọ wá nǹkan tó fẹ́ lò. Àwọn tó ṣe é ò sì ti eré ẹ̀ pa. Téèyàn bá fẹ́ kó sáré sí i, á kàn fi kún un ni."

Ọ̀gá Ṣàkírù mọ gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn. Ó mọ̀ ọ́n bí ọmọ iléèwé ṣe ń mọ orin òyìnbó láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kà á lórí bébà àyẹ̀wò kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó yí páálí náà po. Ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, níbi tí páálí ti ṣẹ́ po, àwọ̀ yẹ́lò yọ kọjá àwọ̀ búlúù, kò nípọn ju fọ́nrán irun kan lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ti dàgbà, igun kan sì wà tó ti máa ń fa bébà. Tó bá jẹ́ pósítà ni, wọ́n á gé etí rẹ̀ dànù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Páálí ò ṣe é gé bẹ́ẹ̀.

Ó wo ojú Mọ́nsúrátù. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára páálí. Ọ̀gá Ṣàkírù sọ fún ara rẹ̀ pé kò rí nǹkan kan, pé ayọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn rí nǹkan tín-ín-tín.

"Níbo lo ti rà á?"

"Lọ́dọ̀ Bọ̀dá Ikúmápàyí ní Obanikoro, ọ̀gá. Wọ́n ní ẹ mọ àwọn dáadáa."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ó gbọ́wọ́ lé aṣọ funfun náà, ó sì ṣe àdúrà kan tó kúrú débi tó fi ya gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ìyá Mọ́nsúrátù ní kò tíì tó. Obìnrin náà ti ta wúrà ọrùn rẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó lè ra ẹ̀rọ yìí, ó sì gbà pé àdúrà tòun náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

"Ẹni tó bá fẹ́ fi èrú jẹ nínú òógùn ọmọ mi," ó wí, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rí i gbé mì."

"Àmín o!" Ṣọ́ọ̀bù hó gèè. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn wá ń wo ọ̀gá, nítorí wọn ò gbọ́ tirẹ̀.

"Àmín," ló wí.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Iná tàn, wọ́n hó yèè. Mọ́nsúrátù jókòó, ó ṣí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀: pósítà ńlá ti ọkùnrin kan tó fẹ́ du ipò alága káńsù. Ìbò ń bọ̀, èkejì láti ìgbà tí àwọn sójà ti gbé ìjọba sílẹ̀, gbogbo Ṣómólú sì ń tẹ pósítà tọ̀sán-tòru. Bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, orúkọ Mọ́nsúrátù á dúró nílé ìtẹ̀wé gbogbo. Bí kò bá yọrí, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó parí nìyẹn. Àwòrán náà ń ṣí díẹ̀díẹ̀, orí, ọrùn, nígbà tó dé àyà, ó dúró. Fáànù ń han gooro. Ojú kọ̀ǹpútà di búlúù, ó sì kú.

"Ẹ tún ọwọ́ yín gbé lé e, ọ̀gá," ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Ó tún gbé e lé e. Ó tún kú.

"Bóyá èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò," Mọ́nsúrátù wí jẹ́jẹ́. "Toheeb tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe á bá mi tú u wò."

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Má bínú," ló wí dípò ìyẹn, "ẹ̀rọ tuntun máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà míì." Ó kọ mọ́ọ̀tì tí wọ́n gbé fún un, ó ní inú ń run òun, ó sì jáde.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà sí Ṣómólú. Ọ̀rọ̀ Ikúmápàyí ń dún létí rẹ̀ bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́: "Ọ̀gá Ṣàkírù, páálí ló bàjẹ́, ọjà inú ẹ̀ ò bàjẹ́ o. Omi òkun ló wọ kọ̀ntáínà. Ẹ kàn bá mi tẹ òmíì tó jọ ọ́ ni." Ó gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Rárá o, ká má purọ́ fúnra wa. Kò gbà á gbọ́. Kò fẹ́ béèrè ni, torí ìbéèrè á lé iṣẹ́ lọ, iṣẹ́ ò sì pọ̀ lákòókò náà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tẹ páálí ọ̀hún, láàárín àwọn ọmọṣẹ́ tí wọ́n ń pè é ní olóòótọ́.

Adébùnmí, ìyàwó rẹ̀, ń ṣa ẹ̀wà nígbà tó wọlé. Obìnrin yìí kì í tètè béèrè nǹkan. Ó jẹ́ kó jókòó, ó jẹ́ kó mu omi.

"Ṣé ẹ ò bá wọn níbẹ̀ ni?"

"Mo bá wọn." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí kọ̀ntáínà títí dé orí àmín. Nígbà tó dé ibi àmín, ó gbé ojú rẹ̀ síbòmíràn.

Adébùnmí ò dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró. "Kí lẹ rò pé Ikúmápàyí fẹ́ fi páálí òfìfo ṣe nígbà náà?"

"Kì í ṣe èmi ni mo ta ọjà fún un, Adébùnmí. Bébà lásán ni mo tẹ̀."

"Ẹni tó gbépo lájà ò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un, bàbá Ẹkúndayọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi bá àwọn ọmọ wí."

"Tí mo bá jáde sọ ọ́, gbogbo Ṣómólú á gbọ́. Ta ló tún máa gbé iṣẹ́ wá fún mi? Ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

"Ẹ̀sín ti dé," Adébùnmí wí. Ó da ẹ̀wà sínú omi. "Ẹ̀yin nìkan ni kò tíì mọ̀ pé ó ti wọlé. Ọmọ yẹn ló ń jẹ ẹ́ fún yín báyìí."

Ní ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Ṣàkírù wọ yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn pléètì ìtẹ̀wé àtijọ́ to síbẹ̀, irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, èyí tí wọ́n bá ti lò tán, wọ́n á tà á fún àwọn oní-pàǹtírí. Ti páálí Sẹ́ńtórà ṣì wà níbẹ̀, torí Ikúmápàyí ti sọ pé òun ń bọ̀ wá tẹ òmíràn. Ó fa èyí tí wọ́n fi tẹ àwọ̀ yẹ́lò yọ, ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó há a sí abíyá, ó sì kọrí sí Abúlé Òkúta.

Mọ́nsúrátù nìkan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ti tú kọ̀ǹpútà náà palẹ̀. Pírósẹ́sọ̀ ọ̀hún wà lórí aṣọ funfun àná, kò tóbi ju bisikíìtì kan lọ, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ wúrà tò sábẹ́ rẹ̀. Òwú dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mọ́nsúrátù kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

"Dìde. Kí ni Toheeb wí?"

"Ó yọ fáànù, ó wá fi òwú nu ọ̀rá tí wọ́n fi pa á lórí kó má baà gbóná. Ni gbogbo lẹ́tà tó wà lára ẹ̀ bá bá òwú lọ. Ó ní ojúlówó Sẹ́ńtórà, wọ́n máa ń gbẹ́ lẹ́tà sí i lára ni, kì í parẹ́. Ó ní irú èyí ò tiẹ̀ sí lára ìdílé Sẹ́ńtórà, àtijọ́ ni, wọ́n kàn ń fipá mú un sá eré tí kò lè sá."

Ọ̀gá Ṣàkírù gbé ẹrù tó wà lábíyá rẹ̀ lé tábìlì, ó tú ìwé ìròyìn lára rẹ̀.

"Ikúmápàyí ló gbé iṣẹ́ yìí wá," ó wí. "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

Ó gbójú sókè. "Láti ìgbà wo?"

"Lọ́jọ́ tí mo rà á gan-an. Mi ò tíì délé." Ohùn Mọ́nsúrátù lọ sílẹ̀. "Ọ̀gá, ta ló máa ń gé igun yẹ́lò yẹn dànù lọ́dọ̀ yín? Ṣebí èmi ni. Mo padà lọ bá Bọ̀dá Ikúmápàyí, wọ́n ní kò sí owó tó ń padà, pé tí mo bá ní ẹ̀rí, kí n mú un wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rí tí mo ní, ọ̀gá mi ni."

"O wá pè mí kí n wá ṣàdúrà."

"Ẹnu wo ni màá fi sọ ọ́ fún yín? Mo ní tẹ́ ẹ bá fi ojú ara yín rí i..."

Ọ̀gá Ṣàkírù rọra wá ìjókòó. Lánàá, ó rò pé òun nìkan ló mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. Àṣé ọmọ yìí mọ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ó mọ̀, ó gbé páálí náà fún un bí ìgbà tí èèyàn ń gbé oúnjẹ fún àgbà, ó gbọ́ bó ṣe ṣe àmín, ó sì gbọ́ irọ́ tó pa nípa ẹ̀rọ tuntun. Ojú tì í débi pé omi lé sí i lójú, kò sì nù ún.

"Wọ́n ń jókòó lónìí, àbí?" ó béèrè nígbà tó yá.

"Àwọn ẹgbẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àmọ́ ọ̀gá, wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Wọ́n á mọ̀."

"Àwọn kọ́sítọ́mà yín ńkọ́?"

"Mú pírósẹ́sọ̀ yẹn dání, pẹ̀lú páálí rẹ̀. Jẹ́ ká lọ. Tá a bá padà dé, wá lo kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mi fún pósítà yẹn. Kò yára, àmọ́ kò ní kú."

Mọ́nsúrátù nawọ́ sí pléètì náà. Ọmọṣẹ́ kì í jẹ́ kí ọ̀gá gbé ẹrù lójú títì, bó ti wù kó pẹ́ tó lẹ́yìn tó gba fírídọ̀ọ̀mù. Ó ti ń fi ìwé ìròyìn wé e padà nígbà tí Ọ̀gá Ṣàkírù gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú ìwé ìròyìn náà, ó ká a, ó sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Èmi ni màá gbé e," ó wí.

Ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ bá ẹgbẹ́ ní Obanikoro gba àárín àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú kọjá, níbi tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Oòrùn ń kọ mọ̀nà lára pléètì náà. Ọ̀gá Ìbíyẹmí, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́nu títì, dáwọ́ bébà tó ń kà dúró, ó sì kí i.

"Ọ̀gá Ṣàkírù, ẹ kú ọ̀sán o! Kí lẹ gbé dání yẹn?"

Mọ́nsúrátù wo ilẹ̀. Ọ̀gá Ṣàkírù dúró, ó yí ojú pléètì náà síta kó lè rí i dáadáa.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni," ó dáhùn, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.