Àgbìgbò Orí Owó Kọ́ìnì

Alámọ́ọ̀dù ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "ó ti tó." Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n fi ń tẹ owó kọ́ìnì, tó bá sì ti dorí kọ iṣẹ́, ilé lè máa jó lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, owó ìrántí niléeṣẹ́ fẹ́ tẹ̀, fún àwọn ẹranko àti ẹyẹ tó ń parun lọ. Ẹyẹ àgbìgbò ló kàn án. Iṣẹ́ tó máa fi fẹ̀yìn tì nìyẹn, ó sì ti pinnu pé kò ní lábùkù. Wọ́n kó fọ́tò fún un, ó ní fọ́tò ò lẹ́yìn. Ló bá gba ọgbà ẹranko lọ, níbi tí àbúrò rẹ̀ ti ń tọ́jú ẹyọ kan ṣoṣo tó kù.

"Bá mi dì í mú, kí n wọn apá rẹ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, a kì í dì í mú. Ó ti dàgbà. Ìbẹ̀rù nìkan lè pa á."

"Ìṣẹ́jú méjì péré. Ṣé èmi ni mo fẹ́ pa á ni?"

Ẹ gbọ́ ná, ta ló máa kọ̀ fún ẹ̀gbọ́n tó rán an níléèwé? Àbúrò wọlé, ó fi aṣọ bo ẹyẹ náà lójú, ó gbé e mọ́ àyà. Alámọ́ọ̀dù wọn apá ọ̀tún, ó wọn tòsì. Ó tún ní kó ṣí aṣọ náà, kóun rí ojú rẹ̀ dáadáa. Kó tó kọ ìwọ̀n apá náà sílẹ̀ tán, ọrùn ẹyẹ ti rọ sórí apá àbúrò rẹ̀.

Nígbà tó yá, àbúrò tẹ́ ẹ sílẹ̀. "Ẹ máa lọ, Bọ̀ọ̀dá." Ó sọ fáwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ogbó ló pa á.

Alámọ́ọ̀dù sunkún délé, ojú sì tì í. Síbẹ̀ kò jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà. Ohun tí ò kúrò lójú rẹ̀ ló gbẹ́.

Owó jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀gá iléeṣẹ́ ní kí gbogbo èèyàn wo bí ẹyẹ ṣe lanu, pé ó ń kọrin.

Alámọ́ọ̀dù mú ọ̀kan lọ fún àbúrò rẹ̀. Ìyẹn gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

"Wọ́n ní ó ń kọrin," Alámọ́ọ̀dù sọ.

"Ẹ gbẹ́ ẹ dáadáa. Bó ṣe ń wá èémí lọ́wọ́ mi gan-an nìyí." Àbúrò rẹ̀ dá owó náà padà fún un.