Kọ́ọ̀pù Aláwọ̀ Aró

Rowena ti mọ̀ pé òrùka wà nínú àpò Niall. Kì í ṣe pé ó tú àpò ọkùnrin náà wò o. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí wọ́n wọ̀ sí ní ìlú Cologne, ó ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kiri, ó sì ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù tí Niall fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà kì í ṣe ìbọ̀wọ́. Àpótí kóńkó kan ni, ara rẹ̀ rí múlọ́múlọ́ bí ìyẹ́ ẹyẹlé. Kò ṣí i. Ó yọ ọwọ́ kíá bí ẹni tó fọwọ́ kan iná, ó sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń fẹ́ra. Ọdún mẹ́rin tí ìyá Rowena kò yé bi í ní Leeds pé, "Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ò ní ṣe é ni, àbí ẹ fẹ́ kí n fi ọ̀pá rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín?" Ní báyìí, ìdáhùn ti wà lẹ́nu Rowena kí ìbéèrè tó dé. Yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Yóò sunkún díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí kò bá sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ wo ló fẹ́ sun ún?

Niall ló mú ìlú náà. Gbogbo ọ̀rẹ́ wọn ló máa ń ṣe irú rẹ̀ lóṣù Kejìlá: kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú ní Jímọ̀, kí wọ́n mu wáìnì gbígbóná lọ́jà Kérésìmesì, kí wọ́n ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò nílò, kí wọ́n padà sílé ní Sọ́ńdè. "Èmi náà ò dé Jámánì rí," Niall ti sọ fún un nígbà tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. "Àwa méjèèjì la jọ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, olólùfẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Rowena ju wáìnì lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú bọ̀, wọ́n jáde. Èrò ti kún ọjà tó wà lábẹ́ òjìji ṣọ́ọ̀ṣì ńlá bí eṣú, òórùn kànáfùrù àti ṣúgà tí wọ́n ń yan ń ta sáfẹ́fẹ́. Rowena yọ fóònù láti fi wá ọ̀nà.

"Fi fóònù sílẹ̀ jàre," ni Niall wí, ó fa ọwọ́ rẹ̀. "Tẹ̀ lé mi."

Ó yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, ó gba ọ̀nà tóóró kan, ó kọjá níbi kànga àtijọ́, wọ́n sì já sí ọjà kékeré mìíràn tí àlejò kò pọ̀ níbẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ ibí?"

"Imú mi ni mo tẹ̀ lé. Wáìnì ló ń pè mí."

Rowena bú sẹ́rìn-ín, ó fi orí ti èjìká rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe máa ń fi ẹ̀rín bo ohun tó yẹ kí ojú rí.

Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ́ Edeltraud ló ń ta wáìnì níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí èso ápù, ìkòkò rẹ̀ ń hó níwájú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, ìyàwó àti ọkọ!"

"A ò tíì ṣègbéyàwó o, Màmá," ni Rowena dáhùn.

"Kí wá lẹ ń dúró dè? Bàbá Kérésìmesì?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Niall wúkọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbi àpò kóòtù rẹ̀. Rowena rí i, inú rẹ̀ sì dùn. "Jẹ́ kí n lọ ra ànàmọ́ díndín wá," ni Niall wí. "Ìwọ bá wa gba wáìnì."

Edeltraud bu wáìnì sínú kọ́ọ̀pù méjì. Kọ́ọ̀pù ọdún yìí jẹ́ aláwọ̀ ewé, wọ́n ya agogo kékeré sí i lára, wọ́n kọ ọdún sábẹ́ rẹ̀. "Owó wáìnì rèé, owó ìdógò kọ́ọ̀pù rèé. Tó o bá dá kọ́ọ̀pù padà, wàá gba owó ìdógò ẹ. Tó ò bá dá a padà, kọ́ọ̀pù di tìẹ nìyẹn."

"Mo máa gbé tèmi lọ, Màmá. Mo fẹ́ máa fi rántí òní."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀! Kọ́ọ̀pù mi ti kún gbogbo Íńgílándì."

Rowena gbójú sókè. Lókè orí ìyá náà, kọ́ọ̀pù tò lórí igi àjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan pupa. Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ òféèfèé. Ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ aró, àtẹ̀gùn kékeré kan sì fara ti ìràwọ̀ lára rẹ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró gbagidi.

Ó mọ kọ́ọ̀pù yẹn. Ó wà nínú ahéré ẹ̀yìnkùlé Niall ní Leeds, búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé ló ń kó sínú rẹ̀. Rowena ti yìn ín rí pé ó rẹwà, Niall sì ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù lòun ti rà á.

"Màmá, aláwọ̀ aró yẹn ńkọ́?"

"Ti ọdún méjì sẹ́yìn nìyẹn. Ọkọ mi ló ya àwòrán ẹ̀ kó tó dágbére fáyé. Nídìí ìkòkò yìí nìkan lo ti lè rí i. Tọ́jà bá ti tú, a máa ń fọ́ ìyókù ni. A kì í lo tọdún kan fún ọdún kejì."

"Ṣé èèyàn ò lè rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù?"

"Kí lèèyàn ò lè rí lọ́jà àlòkù, ọmọ mi? Ọkọ pàápàá wà níbẹ̀!" Edeltraud fi ṣíbí ìbuwáìnì lu etí ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Rowena rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n eyín nìkan ló fi rín in. Oṣù Kejìlá ọdún méjì sẹ́yìn, kí ló ṣẹlẹ̀? Bàbá Niall ni. Niall sọ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá òun ní Newcastle, iṣẹ́ abẹ ọkàn, pé òun yóò lọ jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta. Òru mẹ́ta gbáko ni Rowena fi hun ìborùn kan fún bàbá náà. Òwú aláwọ̀ eérú ni, ó fi ìlà pupa kan sí etí rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gbé òwú ló ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, Olúwa, dá bàbá arúgbó yìí sí. Niall gbé ìborùn náà lọ. Bàbá rẹ̀ kò sì mẹ́nu bà á rí. Rowena ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá a máa gbàgbé nǹkan.

Niall dé pẹ̀lú àwo ànàmọ́. "Ó gbóná o, rọra, kó má jó ẹ lẹ́nu."

Rowena kò gbà á. "Niall, kọ́ọ̀pù tó o ń kó búrọ́ọ̀ṣì sí. Wò ó lókè yẹn."

Niall wòkè. Ojú rẹ̀ wó lulẹ̀ bí ògiri tí òjò ti mu. Wọ́n ní ogún ọdún ni irọ́ fi ń sáré kí òtítọ́ tó bá a lọ́jọ́ kan. Ti Niall kò tó ọdún mẹ́ta.

"Rowena..."

"Ta lo bá wá?"

Ó gbé àwo sílẹ̀. "Imke lorúkọ ẹ̀. Ọmọ ìlú yìí ni, iṣẹ́ ló pa wá pọ̀. Ó ti tán, mo búra. Ibí gan-an ló ti tán. Mo wá sọ fún un pé ìwọ ni mo mú."

"Ọjọ́ mẹ́ta lo fi mú mi?"

"Má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, olólùfẹ́."

"Báwo ni kí n ṣe sọ ọ́? Kí lo wá mú mi wá síbí fún, nínú gbogbo ilé ayé?"

"Mo fẹ́ kí ibí di tiwa. Mo fẹ́ kí ohun tó dáa bo èyí tí ò dáa mọ́lẹ̀."

"Iṣẹ́ abẹ bàbá ẹ ńkọ́?"

"Kò sí iṣẹ́ abẹ kankan. Ara bàbá mi le."

Omijé ti ń dà lójú Rowena, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀ pé kí Niall rí irọ́ kékeré kan pa sí i. "Ìborùn tí mo hun ńkọ́?"

Niall ń wo inú kọ́ọ̀pù rẹ̀ bí ẹni tí ìdáhùn ṣubú sínú ẹ̀. "Òtútù ń mú Imke," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kò mú nǹkan kan dání. Mo fún un."

Bóyá Rowena ì bá ti dárí ọ̀rọ̀ Imke jì í. Ọkàn èèyàn a máa ṣìnà, àárọ̀ ọjọ́ kan a sì mọ́ tí yóò rántí ilé. Ṣùgbọ́n àdúrà òru mẹ́ta! Àdúrà tó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́ nítorí ẹ̀mí arúgbó, ọrùn obìnrin tí kò mọ̀ rí ni Niall lọ fi wé.

Ẹ̀rù ba Niall. Ẹ̀rù yẹn ló sì sọ ọ́ di òmùgọ̀. Ó fa àpótí yọ lápò, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù níwájú gbogbo ọjà, ó ṣí i. "Rowena, jọ̀ọ́. Fẹ́ mi."

Ariwo sọ. "Ó tó àsìkò!" ni Edeltraud ké, ó ń pàtẹ́wọ́. Àwọn èèyàn yọ fóònù, ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu, omi ti dé ojú rẹ̀. Gbogbo wọn ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu Rowena láti àárọ̀. Irun Niall ti wálẹ̀ sí iwájú orí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, Rowena sì mọ̀ pé òun ṣì fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó sì buru jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

"Dìde, Niall," ló sọ jẹ́jẹ́. "Orúnkún ẹ ti tutù."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rowena gbé kọ́ọ̀pù Niall, ó da ìyókù wáìnì sílẹ̀, ó gbé kọ́ọ̀pù náà sórí tábìlì. "Màmá, mo dá èyí padà."

Edeltraud wo ojú rẹ̀. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó ka owó ìdógò sílẹ̀. "Ìkejì ńkọ́, ọmọ mi?"

"Tèmi nìyẹn. Mo máa gbé e lọ."

Ó kó owó ìdógò náà sí àtẹ́lẹwọ́ Niall, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e, ó sì gba ọ̀nà tóóró náà padà. Òun náà ti mọ̀nà báyìí.

Ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ Sọ́ńdè, obìnrin tó ń yẹ ẹrù wò gbé kọ́ọ̀pù aláwọ̀ ewé náà jáde láàárín ìbọ̀sẹ̀ tí Rowena fi wé e. "Ó mà dáa o! Ta lẹ rà á fún?"

Rowena wo ìlà kejì. Niall ń bọ́ bẹ́líìtì, kò lè gbójú wò ó. Àpótí kóńkó náà dá wà nínú abọ́ ike, ó ń yọ́ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ.

"Fún ara mi," ló wí, ó sì gba kọ́ọ̀pù rẹ̀.