Télọ̀ Tó Kó Àdúgbò Jáde Lẹ́sẹ̀ Òkè

Òjò yẹn rọ̀ títí ilẹ̀ fi kọ omi. Lọ́sàn-án, ọkọ̀ ìjọba kan wá sí àdúgbò wa lẹ́sẹ̀ òkè, wọ́n ń fi gbohùngbohùn pariwo pé òkè ti ń lanu, kí gbogbo wa kó jáde.

Wọn ò tíì dákẹ́ tí mo ti di ẹrù mi. Ojo ni mí, mi ò sì tijú. Ṣùgbọ́n káfíńtà tí a ń pè ní Kòséwu jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fá pákó lọ.

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ni mo wí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, wò mí. "Ṣé o ti bi ajá náà bóyá wọ́n ti fun fèrè tàn án jẹ rí?"

Ó wọlé tọ káfíńtà lọ. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dá yín dúró?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Lésìí ńkọ́? Wọ́n ní kí n sá, mo sá. Òkè ò wó. Kí n tó padà, olè ti kó irinṣẹ́ mi lọ. Òkè ò jà mí lólè rí o, ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a jiyàn. Ó ní òun náà ò mọ̀ bóyá òkè á wó. Ó kàn da aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ jáde nínú àpótí tó gbé dání, ó kó wọn lé mi láyà. "Ẹ kó irinṣẹ́ yín síbí. Tí a bá dé iléèwé lódìkejì, ẹ jókòó lé e."

Bàbá ń kó o lọ́wọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi tún sọ pé ìyá tó yarọ lójúlé kejì ò tíì jáde, ọmọ rẹ̀ obìnrin nìkan ò lè gbé e. Káfíńtà gbé ilẹ̀kùn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, a tẹ́ ìyá sí i, a gbé e.

"Ẹ rọra o!" ni ìyá ń kígbe. "Mi ò tíì kú tí ẹ fi ń gbé mi báyìí!"

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí òkè já. Láti iléèwé tó wà lódìkejì la ti rí i tí ẹrẹ̀ bo ṣọ́ọ̀bù náà mọ́lẹ̀. Mo retí kí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé, "Ṣé ẹ rí i?" Kò sọ ọ́. Ó ń bọ́ aṣọ tútù lára ìyá, ó ń fi èyí tó gbẹ wọ̀ ọ́.

Nígbà tó yá, káfíńtà bi í pé, "Tí wọ́n bá tún pariwo lọ́jọ́ mìíràn, tí òkè ò wó ńkọ́?"

"A ó jọ padà wálé, Bàbá," ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, "a ó sì jọ bú wọn."