Òfin Làsísì

"Ẹ̀yin lẹ pa ẹsẹ̀ ọkọ mi! Ẹ gbé e sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi kú mọ́ ọn lára!"

Ohùn Uswat ga débi pé bí òkú kan bá wà nínú ọsibítù yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìbá ti jí dìde wá bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì Láídé, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka pàjáwìrì, dúró níwájú rẹ̀, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà bí ẹni tí òtútù ń mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbọ́ mi. Bí wọ́n ṣe gbé wọn dé báyìí la gbé wọn wọlé. A ò fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò."

"Irọ́ gbuu! Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni tírélà gbá a, wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ lẹ̀yin fúnra yín ní ẹ gbé e wọ tíátà. Láti Ọba Akran dé ìhín, ẹni tó ń fi ìdí wọ́ ò ní lo wákàtí kan. Ibo ni ìyókù wọlé sí? Ṣé ẹ sè é jẹ ni?"

Làsísì, bàbá Shukurat, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mọ ibi tí ó wọlé sí. Ó wo ilẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ Làsísì ní Agége mọ̀ pé kí ó jókòó láìsọ̀rọ̀, àmì ìparí ayé ni. Bí wọ́n bá so ẹnu rẹ̀ mọ́ jẹnẹrétọ̀, á fún gbogbo Agége níná títí di ọdún iléyá. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tó ti ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì, Quadri, ọkọ Uswat, sì ti ń bá a já ẹrù sílẹ̀ fún ọdún méje. Kò sí géètì ilé iṣẹ́ kan ní Ọba Akran tí àwọn méjèèjì kò tíì pa èrò ibẹ̀ lẹ́rìn-ín.

Níwájú irú géètì bẹ́ẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Quadri ru búrẹ́dì, ó ń sọdá. Tírélà kan tó gùn bí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ń fi ẹ̀yìn rìn jáde, táyà rẹ̀ sì gun ẹsẹ̀ òsì ọkùnrin náà lábẹ́ orúnkún.

Kí èrò tó ké tán, áńbúláǹsì ìjọba tó máa ń dúró ní ìkóríta ti dé. Ọkùnrin inú rẹ̀ di ẹsẹ̀ náà, ó ní, "Ẹ gbà wá láyè. Ọsibítù ti ń retí wa."

Làsísì bẹ́ gìjà síwájú. "Ẹ fẹ́ gbé e lọ síbo láìsí ìwé ọlọ́pàá? Kí wọ́n jẹ́ kó kú sẹ́nu géètì ọsibítù?"

"Bàbá, òfin ìpínlẹ̀ ti yàtọ̀. Ọsibítù kankan ò gbọdọ̀ béèrè ìwé ọlọ́pàá mọ́ kó tó tọ́jú ẹni tó fara pa."

"Òfin kẹ̀! Òfin ìjọba dà bí búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n á fi ọ̀rá wé e kó dára lójú, àmọ́ kò sẹ́ni tí í jẹ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Òótọ́ ni, Bàbá Búrẹ́dì! Ẹ tún un sọ!"

Làsísì kò ní ibi lọ́kàn. Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Nùréènì, ti ṣubú lórí ọ̀kadà, tí ọsibítù kan ní àfi kí wọ́n kọ́kọ́ lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. Ẹnu géètì ni Nùréènì dákẹ́ sí, nígbà tí Làsísì ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti kọ́ gbogbo awakọ̀ ilé búrẹ́dì: ẹni bá fara pa, tẹ́ṣàn ni ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Òfin Làsísì ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e ju òfin ìjọba lọ.

Báyìí ni èrò tó pọ̀ bí eṣú ṣe gbé Quadri kúrò lọ́wọ́ àwọn áńbúláǹsì, tí wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín búrẹ́dì gbígbóná nínú ọkọ̀ Làsísì. Ọkùnrin áńbúláǹsì ń pariwo tẹ̀ lé ọkọ̀ náà títí tí kò fi rí i mọ́.

Ní tẹ́ṣàn, ọlọ́pàá ìdí káńtà jáde wo inú ọkọ̀, ẹ̀rù bà á. "Alàgbà, ẹ gbé ọkùnrin yìí lọ ọsibítù ná! Ẹ padà wá bó bá dọ̀la."

"Mi ò lọ. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ lu òǹtẹ̀ sí i."

"Ọ̀gá tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti jáde."

"Mo máa dúró dè é."

Ó dúró lóòótọ́. Nígbà tí ọ̀gá náà dé, ó ń kọ̀wé bí ẹni tó ń kọ ilà. Kó tó kọ orúkọ Quadri tán, ìgbín ìbá ti lọ Ìlọrin, ìbá kí àwọn àna rẹ̀, ìbá sì ti padà dé.

"Bàbá Shukurat," Quadri pè é láti inú ọkọ̀, "ẹsẹ̀ mi mà ń tutù o."

"Jẹ́ kó tutù. Ṣebí àtàárọ̀ lo ti ń ráhùn ooru."

Quadri rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ti rí ẹ̀rín náà mú jáde. Ẹ̀rín náà ló ń ta Làsísì lọ́kàn bí akèékèé báyìí lórí bẹ́ǹṣì.

Nígbà tí wọ́n wá dé ọsibítù, ó na ìwé náà sókè bí àsíá. Nọ́ọ̀sì Láídé kò tilẹ̀ wò ó. "Ìwé kí ni, bàbá? Ẹ yà lọ́nà!" Kó tó pajú dé, wọ́n ti gbé Quadri lọ. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí dókítà ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni, àwọn kì bá tí gé ẹsẹ̀ yẹn.

Ọkùnrin kan wọlé, ó fi káàdì kọ́rùn. Fọlábí ni orúkọ rẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọsibítù ló rán an. Àbúrò Uswat ló ti pè wọ́n lórí fóònù.

"Òfin lórí ẹni tó fara pa yìí le o," ó sọ fún Nọ́ọ̀sì Láídé. "Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹ fi aláìsàn sílẹ̀, ẹ máa lọ sílé lónìí. Ọ̀rọ̀ sì lè dé kóòtù."

"Àkókò tí wọ́n dé wà nínú ìwé wa, sà."

"Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹnu ẹni tó gbé e wá ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Uswat yí padà, ó kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ǹṣì. "Bàbá Shukurat, ẹ bá mi sọ fún wọn. Bí kì í bá ṣe tiyín, òkú ni ǹ bá gbà. Ẹ sọ bí wọ́n ṣe dá yín dúró."

"Alàgbà," Fọlábí ní, "aago mélòó lẹ dé ibí?"

Irọ́ dùn lẹ́nu Làsísì nígbà náà ju oyin gbogbo Ọ̀yọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni: aago mẹ́wàá. Á padà sí Agége gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba ẹ̀mí là. Ó wo Nọ́ọ̀sì Láídé. Obìnrin náà kò bẹ̀ ẹ́.

"Mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú," Làsísì ní. "Tẹ́ṣàn ni mo gbé e lọ. Àwọn áńbúláǹsì fẹ́ gbé e, mo kọ̀. Ọlọ́pàá ní kí n máa lọ, mo yarí. Nọ́ọ̀sì yìí ò ṣẹ̀, wàláì. Èmi ni."

Uswat ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ní gbogbo wákàtí méjì yẹn, Quadri ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

"Ó ní ẹsẹ̀ òun ń tutù."

Uswat dìde díẹ̀díẹ̀. Làsísì ń retí ìgbájú, ìbá tilẹ̀ dúpẹ́ bó bá rí i gbà. Ṣùgbọ́n ó kàn lọ dúró lọ́dọ̀ fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún Quadri," ó ní. "Mi ò ní bá yín sọ ọ́."

Nígbà tó yá, Nọ́ọ̀sì Láídé wá pè é pé Quadri ti lajú. Làsísì wọlé. Ó fa àga sún mọ́ ibùsùn, ó jókòó síhà ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

"Bàbá Shukurat," Quadri ní, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa, "ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ dúró tì mí."

"Má tíì dúpẹ́, Quadri," Làsísì dá a lóhùn. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.